Mo dé, wọ́n ti lọ: ọjọ́ mẹ́fà láti Houston dé Nashville lẹ́yìn àwọn àgbà onígìtá Hawaii

Kí a tó gbéra

Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, àwo King Sunny Adé ni bàbá mi fi ń jí wa láàárọ̀ Sátidé. Nínú Juju Music tó jáde lọ́dún 1982, ohùn kan máa ń la àárín àwọn gángan kọjá: á fà, á sunkún díẹ̀, á tún yọ́ lọ bí epo pupa lórí iyán gbígbóná. Mo kọ́kọ́ rò pé obìnrin ni. Bàbá mi ní, "Gìtá Hawaii nìyẹn. Dèmọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á." Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àwa Yorùbá la ni ín.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé gìtá irin ni wọ́n tún ń pè é ní Amẹ́ríkà, àti pé àwọn kan ti ń ta á ní Honolulu, ní Texas àti ní Nashville kí wọ́n tó bí Sunny pàápàá. Mo wá ń gbọ́ wọn lórí YouTube, àmọ́ ọ̀rọ̀ mi dà bí ti ẹni tó dé òde ìnáwó nígbà tí wọ́n ti ń ká àga. Jimmy Day kú lọ́dún 1999, Speedy West ní 2003, Jerry Byrd ní 2005, Don Helms ní 2008. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀, mi ò tíì dé Amẹ́ríkà. Houston ni mo balẹ̀ sí ní 2009. Ralph Mooney, tó ta gìtá lẹ́yìn olórin kọ́ńtírì Waylon Jennings fún nǹkan bí ogún ọdún, kú ní Kennedale lẹ́bàá Fort Worth ní oṣù Kẹta 2011. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni sí ilé mi. Buddy Emmons, ọ̀gá gbogbo wọn lójú tèmi, kú ní oṣù Keje 2015. Ọdún mẹ́fà gbáko la jọ fi wà lórí ilẹ̀ kan náà. Owó epo ni mo ń ṣírò.

Ìdí nìyẹn tí èmi àti Bàbá Ìbejì fi wọ ọ̀nà ní oṣù Kẹwàá, ó kéré tán kí a fojú rí ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Bàbá Ìbejì ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan n'Íbàdàn kí wọ́n tó di onítírélà ní Texas. Wọ́n fi ọdún méjìlá jù mí lọ, wọ́n sì ní ohun kan tí mi ò ní: wọ́n wà níbi òkú àgbà kan ní nǹkan bí 1984 tí Sunny ti ṣeré, Adépọ̀jù sì jókòó ti gìtá rẹ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀: Houston – Carthage – Shreveport

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la jáde. Kúlà kan kún fún jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé mẹ́jọ àti ẹran díndín. Ìyàwó mi ní tí a bá fowó ra oúnjẹ kí a tó dé Louisiana, a ò gbọdọ̀ wá ròyìn rẹ̀ fún òun.

US 59 la gbà lọ sókè. Lẹ́yìn Livingston, igi páínì ló gba ọ̀tún gba òsì títí ojú fi sú wa. Epo jẹ́ dọ́là 2.69 ní Lufkin. Ẹ rọ táńkì yín kún níbẹ̀, nítorí lẹ́yìn Nacogdoches àwọn ìlú kéékèèké ló kù.

Láàárín Timpson àti Tenaha ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Mo ní kò séwu, mo fa táyà èsítírà jáde. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí àkàrà àná. Bàbá Ìbejì wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Onítírélà tó ń fọwọ́ lu táyà mẹ́jìdínlógún láràárọ̀ ni wọ́n, ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe wò mí.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró kí ìyá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó dúró pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà lẹ́yìn ọkọ̀. Kò béèrè ibi tí a ti wá. Ó kàn ní kí n sún kúrò lójú títì kí tírélà má gbá mi. Nígbà tó parí, mo na ogún dọ́là sí i, ó kọ̀. Mọ́ínmọ́ín ló gbà, méjì, lẹ́yìn tó ti gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Ó wá béèrè ibi tí à ń lọ. Mo ní a ń lọ wo ibi tí àwọn onígìtá irin tó ti kú ti ṣeré. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ọkọ̀ mú. "Ohùn yẹn! Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ò lè fara dà á."

Ní Carthage, a yà wo Jim Reeves. Ibojì rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ère rẹ̀ dúró tòun ti gìtá lọ́wọ́, wọ́n sì sin ajá rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá Ìbejì ṣí fìlà. Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà láyé ìgbà yẹn á mọ ìdí rẹ̀: ilé mélòó ni ohùn ọkùnrin yìí kì í dún láàárọ̀ Àìkú, lẹ́yìn ìrẹsì àti kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù kékeré tó já lulẹ̀ nítòsí Nashville lọ́jọ́ 31 oṣù Keje 1964.

Mo sọ fún wọn lójú ibojì náà pé Jim Reeves yìí gan-an wà lára àwọn tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọ́n lọ́wọ́ àwọn onígìtá irin. Nígbà tí Nashville fẹ́ kí orin kọ́ńtírì dùn létí ará ìlú ńlá, wọ́n yọ gìtá irin àti gòjé òyìnbó kúrò, wọ́n kó akọrin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ àti fàólìnì rẹpẹtẹ sí i. Ohùn jẹ́jẹ́ tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn nìyẹn. Inú Bàbá Ìbejì ò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí òkú sùn.

A sùn sí Shreveport.

Ọjọ́ kejì, Ẹtì: Shreveport – Little Rock – Memphis

Láàárọ̀, a lọ wo Municipal Auditorium, ilé bíríkì ràgàjì tí wọ́n kọ́ ní 1929. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Louisiana Hayride, ètò orin kọ́ńtírì tí rédíò KWKH bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sáfẹ́fẹ́ ní 1948. Ère Elvis ló wà níta, gbogbo ènìyàn ló ń bá a ya fọ́tò. Jimmy Day, tó ta gìtá irin fún Hank Williams, fún Webb Pierce àti fún Elvis yẹn kan náà lórí pèpéle yìí, kò sí fọ́tò tirẹ̀ tí mo rí níta. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ pè wọ́n ṣáájú ọjọ́. A ò pè.

Ọ̀nà Little Rock gùn. Níbẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Joseph Kekuku fún Bàbá Ìbejì. Ọmọ Lāʻie ní erékùṣù Oʻahu ni. Wọ́n ní ní òpin àwọn ọdún 1880, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, ó ń rìn lójú irin, ó ṣa irin ìdè kan nílẹ̀, irin náà kan okùn gìtá ọwọ́ rẹ̀, ohùn náà sì fà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ó tẹ́ gìtá sórí itan, ó ń fi irin yọ̀ lórí okùn dípò kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ńlá ní 1904, ó ṣeré káàkiri Yúróòpù, ó kú sí New Jersey ní 1932.

"Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní gìtá Hawaii nìyẹn!" Bàbá Ìbejì ti fi ogójì ọdún pe orúkọ yẹn láìbéèrè ìdí.

Mo tún sọ ti Jerry Byrd. Ọmọ Ohio ni, òyìnbó pọ́nńbélé, ó kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ gìtá láti fa okùn, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré lọ síbẹ̀. Ní 1972 ó kó lọ sí Hawaii, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ Hawaii ní gìtá tí àwọn baba ńlá wọn dá sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ta níbẹ̀ ti ń tán lọ. Bàbá Ìbejì dákẹ́ fún nǹkan bí máìlì mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn ní àgídìgbo báyìí?" Mi ò ní èsì.

Láti Little Rock sí Memphis, I-40 kún fún tírélà débi pé ọkọ̀ wa dà bí àgùntàn láàárín màlúù. Oko ìrẹsì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, pẹrẹsẹ. Òjò bá wa dé Memphis. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a ti sanwó rẹ̀ fún wa ní yàrá tí omi ń jò láti àjà sórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọmọ tó wà níwájú ní kò sí yàrá mìíràn, ó fún wa ní garawa. Bàbá Ìbejì gba bẹ́ẹ̀dì gbígbẹ. Àgbà ni wọ́n.

Ọjọ́ kẹta, Àbámẹ́ta: Memphis – Nashville

Ọ̀nà wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. A dé ní ọ̀sán, a fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì kan nítòsí Broadway, títì àwọn ilé orin: dọ́là 40! Ẹ gbọ́ mi o, ẹ fi ọkọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí Uber. Owó yẹn tó owó epo láti Shreveport dé Memphis.

Broadway lálẹ́ Sátidé dà bí ọjà ọdún Iléyá tí gbogbo ilé ní ẹ̀rọ agbóhùn tirẹ̀. Àwọn ọmọge nínú bàtà màlúù, tírákítà tó ń fa àwọn ọ̀mùtí kiri. Ariwo gìtá oníná ló pọ̀ jù, ohùn tí a wá kò sí nínú ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a wọ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

A wá dé nọ́ńbà 416, Robert's Western World. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Buddy Emmons dé Nashville ní 1955 láti wá bá olórin Little Jimmy Dickens ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Òun àti Shot Jackson ló pa orúkọ wọn pọ̀ di Sho-Bud, tí wọ́n ń ṣe gìtá onípẹ́dà tà. Ilé yìí ni Sho-Bud wà lẹ́yìnwá ọ̀la. Ní ìdojúkọ rẹ̀, ní 417, ni ṣọ́ọ̀bù àwo olórin Ernest Tubb wà títí wọ́n fi tì í ní 2022. Emmons wọ ẹgbẹ́ Tubb ní 1957. Ìgbẹ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ni gbọ̀ngàn Ryman, tí wọ́n kọ́ ní 1892 fún ìsìn, tí Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtírì orí rédíò, fi ṣe ilé láti 1943 sí 1974. Níbẹ̀ ni Don Helms ti jókòó lẹ́yìn Hank Williams. Nínú orin Hank mọ́kànlá tó gba ipò kìíní, gìtá Helms wà nínú mẹ́wàá. Kò fẹsẹ̀ kan pẹ́dà kankan, irin àti ọwọ́ lásán ló fi ń pa ènìyàn lẹ́kún. Tí ẹ bá dúró ní ẹ̀yìn Ryman, nínú ọ̀nà tóóró tí àwọn olórin máa ń gbà já sí ilé ọtí, ẹ dúró díẹ̀. Mo dúró títí Bàbá Ìbejì fi ní ebi ń pa àwọn.

Ní Robert's, wọn ò gba owó ìwọlé. Oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń rà ni búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran bologna díndín há, pẹ̀lú ṣípìsì, ìpápánu MoonPie àti bíà agolo kan, kò sì tó dọ́là mẹ́wàá. Lórí pèpéle, ní igun ọ̀tún, ọkùnrin kan jókòó ti gìtá onípẹ́dà. Níkẹyìn!

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lójú ẹni tí kò rí i rí. Ọwọ́ òsì di irin gbọ̀ọ̀rọ̀ mú, ó ń yọ̀ lórí okùn mẹ́wàá. Ọwọ́ ọ̀tún wọ èékánná irin, ó ń ta. Ẹsẹ̀ òsì ń tẹ pẹ́dà tó ń fa okùn sókè, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbé ohùn sókè sódò, orúnkún méjèèjì ń ti ọ̀pá kéékèèké sọ́tùn-ún sósì. Ojú rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń ka ìwé. Ara olórin tó dúró ń mì tìtì, ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ kò mì.

Nígbà tó fa okùn kan báyìí, láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí ẹni pe "bàbà" tó sọ ọ́ di "bàbá", Bàbá Ìbejì dìde. Kí n tó dì wọ́n mú, wọ́n ti gun orí pèpéle, wọ́n sì lẹ owó dọ́là kan mọ́ iwájú orí ọkùnrin náà bí a ti ń ṣe ní òde. Lẹ́yìn náà èkejì, ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà kò lè mú un kúrò, ọwọ́ méjèèjì ò ṣófo! Owó kan já bọ́ sórí pẹ́dà. Ẹ̀ṣọ́ ilé ti ń bọ̀, èmi náà ti ń sáré lọ ṣàlàyé, àmọ́ akọrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sí garawa kan níwájú pèpéle: ibẹ̀ ni wọ́n ń ju owó sí. Nígbà tí wọ́n sinmi, onígìtá náà wá bá wa ní tábìlì, owó kan ṣì lẹ̀ mọ́ òógùn etí rẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ta gìtá, wọn ò fowó kan òun lórí rí. Mo sọ fún un pé ní ilé wa, ẹni tí wọn ò bá náwó fún ló yẹ kó bínú.

Mo bi í léèrè Emmons. Ó ní òun rí i lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì ń fẹ́ padà sílé láti ju gìtá òun nù ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ kẹrin, Àìkú: Nashville

Ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ gìtá yìí kì í dé ibi tí a lọ lónìí, ó sì yẹ kí wọ́n dé ibẹ̀. Ìjọ House of God, ẹ̀ka Keith Dominion, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, Nashville ni olú-ilé wọn wà. Gìtá irin ló wà ní ipò tí dùùrù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yòókù. Láti àwọn ọdún 1930 ni: Troman Eason lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ ọmọ Hawaii ní Philadelphia, àbúrò rẹ̀ Willie Eason sì gbé e débi tó dé. Willie kú ní 2005.

A wọṣọ òkè lọ, agbádá Bàbá Ìbejì sì gba àga méjì. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ogún ọdún lọ ló ń ta á. Bí oníwàásù bá sọ gbólóhùn kan, gìtá á tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ta ohùn tó jọ ọ́: ọ̀rọ̀ ló ń sọ, ìjọ sì ń dá a lóhùn. Bàbá Ìbejì fi ìgúnpá gún mi. "Ìyáàlù nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ orin náà tẹ́lẹ̀, ariwo dídùn ni yóò gbọ́, bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ṣe ń gbọ́ dùndún.

Lẹ́yìn ìsìn, wọn ò jẹ́ kí a lọ. Adìẹ díndín, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹran sè, búrẹ́dì àgbàdo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bu tiwa. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ sọ fún mi pé òun rí Willie Eason nígbà tí òun wà ní kékeré ní Florida, ó jókòó ní igun títì, ó ń ta gìtá, àwọn tó ń kọjá ń ju owó ẹyọ sínú àpótí. "Mo rò pé ẹnì kan wà nínú àpótí náà tó ń sunkún," ni wọ́n wí. Mo rántí pé èmi náà rò pé obìnrin ni nínú àwo Sunny.

Ẹ bá wọn wọṣọ tó bo ara, ẹ má fi fóònù sí wọn lójú nígbà ìsìn, ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ọjọ́ karùn-ún, Ajé: Nashville

Country Music Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn àgbà orin kọ́ńtírì, owó ìwọlé lé ní ọgbọ̀n dọ́là. Nínú gbọ̀ngàn roboto tí àwọn àwo idẹ tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí wà lára ògiri, mo wá Pete Drake títí mo fi rí i. Wọ́n gbà á wọlé ní 2022. Ó ti kú láti 1988. Òun ló fi ọ̀pá rọ́bà gbé ohùn gìtá wọ ẹnu ara rẹ̀ kí gìtá lè sọ̀rọ̀, òun náà ló wà lórí All Things Must Pass, àwo George Harrison. Mo fọwọ́ kan idẹ náà. Ó tutù.

Lọ́sàn-án a wọ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin kan. Olówó ibẹ̀ ní kí Bàbá Ìbejì jókòó. Ẹ wo ẹni tó ta gìtá jùjú fún ọdún mẹ́wàá! Ohùn tó jáde dà bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Irin gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà gan-an. Bó bá yẹ̀ bí ìbú irun, ohùn ti bàjẹ́. Olówó ṣọ́ọ̀bù wá fi ohun kan hàn wá. Ó ta okùn, ó jẹ́ kó máa dún, ó wá tẹ pẹ́dà: okùn kan gòkè, àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Bud Isaacs ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ìyẹn nínú orin Webb Pierce ní 1954, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo onígìtá irin bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀pá mọ́ gìtá tiwọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Emmons pín iṣẹ́ pẹ́dà kan náà sí ẹsẹ̀ méjì, kí okùn kan lè gòkè láìdúró de ìkejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn.

Àlòkù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ń lọ ní dọ́là 1,200 níbẹ̀. Bàbá Ìbejì yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò rà á.

Ọjọ́ kẹfà, Ìṣẹ́gun: Nashville – Houston

Wákàtí mẹ́tàlá, àwa méjèèjì ń gba ìdarí lọ́wọ́ ara wa. Owó tí a ná, epo, yàrá, oúnjẹ, gáréèjì aláìláàánú yẹn àti táyà tuntun tí mo rà ní Shreveport: dọ́là 1,140 fún ènìyàn méjì. Ẹ fi owó garawa kún un, ẹ ó nílò rẹ̀. Ẹ sì wo táyà èsítírà yín kí ẹ tó kúrò nílé; mo ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa wò yín bí wọ́n ṣe wò mí.

Ní ilé epo kan ní Texarkana, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo tún fi Juju Music sí i. Mo ní kí Bàbá Ìbejì sọ bí Adépọ̀jù ṣe jókòó lọ́jọ́ òkú yẹn, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe, bóyá ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tàbí kò wò ó. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń béèrè, wọ́n á ní ó pọ̀ láti sọ.

Wọ́n yí ohùn rédíò wálẹ̀. "Àbúrò, mi ò wò ó. Sunny ló ń jó níwájú. Ta ló ń wo ẹni tó jókòó?"

A ò sọ̀rọ̀ títí dé Nacogdoches.

Ní Ọjọ́bọ̀, fóònù mi dún níbi iṣẹ́. Bàbá Ìbejì ni. Wọ́n fi ìkéde ilé ijó kan ránṣẹ́, kò ju wákàtí kan ààbọ̀ sí Houston, onígìtá irin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni yóò ṣeré níbẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé: "Aago méje ni kí o ti múra. Èmi ni máa wakọ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fún wa, níbi tí a ti lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀."